Àwọn Ìgò Tí Mo Yà Sọ́tọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó tọ́ mi dàgbà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ẹ̀rọ ìránṣọ yín pẹ̀lú, torí mo mọ̀ pé òun ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ jù láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Mo lérò pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti ń gbọ́ oògùn, àti pé ẹ ti ń rí oorun sùn bó ṣe yẹ. Ní tiwa níbí, ara le, a ń jẹ, a ń mu, kò sẹ́ni tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín o. Ẹ mọ ibi tí mo kàwé dé. Ibi tí bírò mi bá ti kọsẹ̀, ẹ bá mi gbé e dìde.

Ẹ ní kí n kọ̀wé ní kété tí mo bá ti fìdí kalẹ̀. Ìdí ọ̀hún gan-an ni kò tíì balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ibi tí mo fẹ́ fi í lé nínú ilé yìí tí ìgò kò ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi.

Ìgò ni mo wí, ẹ ò ṣì í kà. Ìgò bíà, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìgò gbọọrọ, ìgò kúkúrú. Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tó ń retí kí agogo lù. Àpótí aṣọ tí ẹ rà fún mi, orí páálí ìgò ló jókòó sí. Bí mo bá fẹ́ mú aṣọ, ìgò á máa ró wọnran wọnran lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ilé á ti mọ̀ pé ìyàwó fẹ́ jáde. Ọpọ́n ńlá tó yẹ kí n fi wẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ ìgò sí kí bébà ara rẹ̀ lè ṣí. Ìgò ló ń wẹ̀, èmi ni mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ̀lì léjìká.

Ẹ mọ̀ pé jórinjórin ni ọkọ mi, àna yín. Ohun tí kò sọ fún wa ní gbogbo ìgbà tó ń wá jókòó sórí àga yín, tó ń mu omi tútù, tó ń wo ilẹ̀ bí ẹni rere, ni pé ó ń pọn bíà nínú ilé. Kì í ṣe ọ̀mùtí o. Ká ní ọ̀mùtí ni, mo mọ ohun tí mo máa sọ, mo sì mọ ẹni tí mo máa lọ bá. Ṣíṣe rẹ̀ ni ó fẹ́ràn. Yóò ra ọkà tí wọ́n ti mú kó hù, tí wọ́n sì ti yan, yóò sè é, yóò da òdòdó gbígbẹ kan tó korò bí ahọ́n ọlọ́pàá sí i, yóò jẹ́ kó tutù, yóò wá da ìwúkàrà sí i nínú kẹ́ẹ̀gì funfun kan. Kẹ́ẹ̀gì náà á jókòó ní igun yàrá, á máa mí. Mo ń sọ òótọ́ fún yín, ó ń mí. Bí mo bá nìkan wà nílé, mo máa ń rò pé ẹnì kan wà pẹ̀lú mi.

Bí ó bá mí tán, ọ̀rọ̀ ìgò dé nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò tuntun kì í tà á ní kékeré fún ẹni tí gbogbo ọtí rẹ̀ kò ju inú kẹ́ẹ̀gì kan lọ, nítorí náà ìgò tí àwọn ènìyàn ti mu ohun inú rẹ̀ tán ni ó ń kó jọ. Èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé. Ó ní èyí tó pupa rúsúrúsú ló dára, pé oòrùn ń ba bíà jẹ́ nínú èyí tó funfun. Ó ní èyí tí wọ́n ń yí ìdérí rẹ̀ kò dára, torí ìdérí tí a bá fi irin tẹ̀ mọ́ ọn kò ní dì í mú, atẹ́gùn inú ọtí á sì sá lọ. Ó mú ìka mi, ó fi yí ẹnu ìgò po wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí n lè mọ bí ẹnu tó ti ṣán ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí láti kọ ìyókù.

Ṣùgbọ́n inú dídùn kì í fọ ìgò. Ọwọ́ ló ń fọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi tí ẹ máa ń sọ pé ó rọ̀ bí òwú, ẹ wá wò ó báyìí, ó ti hunjọ bí ẹni pé èmi ni wọ́n rẹ sínú omi láti àná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gán bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nǹkan kan bú gbàù lábẹ́ mi. Mo ti dé ojú títì kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ mi, gbogbo àwọn ayálégbé ló jáde wá wò mí. Ìgò kan tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni kò lè gba agbára ọtí inú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àna yín dé, kò bi mí bóyá mo fara pa. Ó ní, “Èyí tó pupa ni, àbí èyí tó funfun?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ọkọ mi, torí ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí, ọ̀dọ̀ wọn ló gbà kọjá. Ọ̀dọ̀ wa ni Màmá ń gbé, pálọ̀ ni wọ́n ń sùn. Wọn kì í ṣe ìyá ọkọ tí ẹ̀yin àti àwọn oníbàárà yín máa ń fi dẹ́rù bà mí. Aya mi ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá jí lówùúrọ̀, wọ́n á ti gbálẹ̀ tán, títí kan iwájú ilẹ̀kùn mi. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fọ aṣọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ wọ́n mọ́ ìmọ́tótó. Ìdọ̀tí tí ojú èmi ọmọdé kò rí, wọ́n á ti rí i láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á sì bá a wí bí ẹni ń bá ewúrẹ́ wí.

Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan. Ẹ̀wà jóná lórí iná lọ́jọ́ kan, wọ́n dé ìkòkò náà pa. Òórùn rẹ̀ ti bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń sá aṣọ, mo sì sáré wọlé. Màmá jókòó ti iná gan-an, wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Mo ní bóyá ọkàn wọn ti lọ sí ibòmíràn ni. Lọ́jọ́ mìíràn, mo fi lọ́fínńdà tí ẹ fún mi hàn wọ́n. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n ní, “Háà, ó ń ta sánsán.” Mi ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀. Mo gbà á padà lọ́wọ́ wọn, mo dúpẹ́, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún.

Ní báyìí, àna yín ti polongo ní gbogbo ilé pé òun ń fẹ́ ìgò. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má polongo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé. Ohun tí ènìyàn ń fi ìgò ṣe láyé yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Èyí tí wọ́n kó oyin sí wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kó oògùn ikọ́ sí wà níbẹ̀, òmíràn tiẹ̀ wà tí mo sọ nù láìbéèrè. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe ni pé mo ń gbé ìgò kọ̀ọ̀kan sí imú kí n tó fi omi kàn án. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìyẹn. Àna yín fúnra rẹ̀, èéfín iṣẹ́ irin ti sọ imú rẹ̀ di ohun ọ̀ṣọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbé lókè wa ló wá gbé odindi páálí kan sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ìgò inú rẹ̀ lẹ́wà. Wọ́n pupa rúsúrúsú, ara wọn nípọn, ẹnu wọn kò ṣán, irú kan náà ni wọ́n pẹ̀lú èyí tí ó pọ̀ jù nínú tiwa. Inú àna yín dùn bí ẹni pé wọ́n bímọ fún un. Mo gbé àkọ́kọ́ sí imú: kẹrosíìnì. Mo gbé ìkejì: kẹrosíìnì. Inú wọn ló ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń kun àga. Mo fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, mo fi ọṣẹ, mo fi eérú, mo sá wọn sóòrùn. Kẹrosíìnì kì í ṣe àlejò tó ń mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Mo bá kó wọn sẹ́yìn àgbá omi òjò lẹ́bàá ògiri, mo yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo sọ fún àna yín o. Ẹ má rò pé mi ò sọ. Mo rọra sọ ọ́ nígbà tó ń bọ́ bàtà, mo ní àwọn ìgò gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn, ṣé a kò ní fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé èmi nìkan ni mo ní imú nínú ilé yìí ni, pé kí n ṣáà fọ̀ wọ́n dáadáa. Mo bá rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi nígbà tí mò ń di ẹrù, pé bí mo bá délé ọkọ, ojú ni kí n là, ẹnu ni kí n pa mọ́. Mo pa á mọ́. Mo fi àwọn ìgò náà sílẹ̀ níbi tí mo kó wọn sí.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára, ọkùnrin kan wà tó ni ilé oúnjẹ lẹ́bàá ibùdókọ̀. Ìyẹn-Dára ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní dáhùn pé ìyẹn dára. Ẹ ní òjò ń bọ̀, á ní ìyẹn dára. Ẹ ní òjò ti lọ, ìyẹn náà dára. Àna yín ló rọ ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ fún un, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ bíà, ọkùnrin náà sì ní òun máa wá tọ́ ọ wò. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun á máa gbà á fún àwọn oníbàárà òun. Àna yín wá ṣèlérí fún mi pé bí ìyẹn bá lè bọ́ sí i, òun á gba búkà òfìfo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun, gbogbo kẹ́ẹ̀gì àti ìgò á sì kó lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, màá rí ilẹ̀ yàrá mi. Mi ò tíì mọ àwọ̀ rẹ̀ títí di òní. Mo fẹ́ kí bíà yẹn dára ju bí ẹni tó pọn ọ́n ṣe fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa rọ ọtí sínú ìgò, mo lọ ra nǹkan ọbẹ̀. Nígbà tí mo dé, ẹ̀yìn àgbá omi ti ṣófo. Àna yín ti jó irin kan bí igi tó ní ẹ̀ka, orí ẹ̀ka wọ̀nyẹn ni a ń gbé ìgò kọ́ ní ìdorí kodò kí omi lè ro. Gbogbo ẹ̀ka ló kún. Ìgò gbẹ́nàgbẹ́nà wà láàárín ìgò mi, gbogbo wọn ń dán gbinrin, mi ò mọ èyí tí í ṣe tèmi mọ́. Màmá fà mí wọ ilé ìdáná, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé àwọn ti bá mi fọ àwọn tó ṣẹ́kù. “Mi ò jẹ́ kí ọkọ ẹ mọ̀ pé o fi wọ́n sílẹ̀, mo ní ó kàn wù mí kí n fọ̀ wọ́n ni. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, mo mọ̀. Èmi náà ti ṣe ìyàwó rí.”

Kí ni kí n sọ? Ẹ bá mi wá a. Obìnrin àgbà tẹ̀ ba kó lè bò mí láṣìírí, kí n wá ṣí àṣírí tirẹ̀? Mo ní ẹ ṣé, Mà. Mo tún ní ẹ kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́ pátápátá. Mo lọ bá àna yín níbi tó ti ń rọ ọtí, mo ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n gbọ́ òórùn ìgò kọ̀ọ̀kan kó tó dé e. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Màmá ló fọ̀ wọ́n.” Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, “Màmá,” bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lọ fọ oòrùn. Ó ń tẹ ìdérí lọ, kẹ̀ ẹ̀ kẹ̀ ẹ̀, gbogbo kẹ̀ ẹ̀ yẹn sì ń dún sí mi láyà. Bí ìdérí bá ti lè bo ìgò, imú kò tún wúlò mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn pé kí a ṣí díẹ̀ wò kí àlejò tó dé. Ó ní ẹni tó bá ń ṣí ọtí tí kò tíì pé, ó ń fi ṣòfò ni, àti pé kí n má fi ẹnu mi kó bá òun. Gbogbo ọjọ́ tí ọtí yẹn fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó lè pé, mi ò sùn dénú. Ẹ wá wo ẹni tó ń sùn lórí wàhálà ara rẹ̀.

Ìyẹn-Dára dé ní ìrọ̀lẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, orí àpótí aṣọ mi ló sì jókòó sí, torí ìgò wà lórí àga. Àna yín ṣí ọtí àkọ́kọ́, ó rọra dà á sínú ife. Ìfófòó rẹ̀ dìde bí òwú. Ọkùnrin náà wo àwọ̀ rẹ̀, ó ní ìyẹn dára. Ó wo ìfófòó, ó ní ìyẹn dára. Ó gbé e sẹ́nu. A ń retí. Ó gbé ife sọ̀ kalẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó wo àna yín lójú, ó béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ọ̀rẹ́ mi, ṣé àtùpà la fẹ́ tàn ni?”

Àna yín ṣí òmíràn fún un. Òmíràn yẹn kò ní nǹkan kan tó ṣe é, ọtí gidi ni, ṣùgbọ́n ahọ́n ọkùnrin náà ti jókòó lórí ti àkọ́kọ́, kò fẹ́ dìde. Ojú àna yín ti pọ́n. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mi ló ń fọ ìgò. Kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.”

Iwájú mi ló ti sọ ọ́. Àwo tí mo fi gbé ife wá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wo Màmá. Wọ́n jókòó lórí àpótí kékeré wọn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Mo ń retí kí wọ́n sọ nǹkan kan, wọn kò sọ. Mo gbé àwo náà sílẹ̀. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo lọ bá àgbá omi òjò jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú ń bí mi, ìbínú náà kò sì rí ẹni tó máa gùn. Bí mo bá ní kí n bínú sí Màmá, mo máa rántí pé nítorí mi ni wọ́n ṣe bẹ́rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọ ìgò lọ́jọ́ orí wọn. Bí mo bá ní kí n bínú sí gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣe ló pàdé mi lórí àtẹ̀gùn tó ń bi mí bóyá ìgò òun wúlò, kí òun tún kó sí i wá. Mo ti bínú sí ẹ̀yin náà díẹ̀, ẹ foríjì mí. Ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi, mo ń fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí yín nínú lẹ́tà yìí. Ojú tí ẹ ní kí n là, màá máa là á. Ìdajì kejì, ẹ gbà á, ó ń fún mi lọ́rùn.

Àwọn ayálégbé gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa. Onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní aláwàdà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nítòsí ìyàwó jórinjórin. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kí ni kí n ṣe? Àna yín kò bú mi, kò sì gbé ọwọ́ sókè sí mi, kí ọkàn yín má fò. “Hẹn” nìkan ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ní oúnjẹ ti délẹ̀, á ní hẹn. Ó ṣí gbogbo ọtí náà, ó dà wọ́n sí gọ́tà, títí kan àwọn tó dára, ó ní òun kò fẹ́ rí wọn mọ́. Nígbà tí ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìgò láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Ó nawọ́, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n sinmi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí ni mo ti ń gbàdúrà pé kí ẹnì kan gba ìgò lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n gbà á tán, mo wọlé lọ sunkún.

Ọjọ́ ìsinmi tó kọjá yìí ni ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí ṣẹlẹ̀. Àna yín wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ ìgò, kò sì mọ̀ ọ́n fọ̀. Omi ló ń da sára. Màmá ń gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń gbé e kọ́ sórí igi irin. Èmi jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń ṣa ìrẹsì, mi ò dá sí wọn. Màmá gbé ìgò kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọn kò gbé e kọ́. Wọ́n dìde, wọ́n kọjá lára ọmọ wọn, wọ́n wá fi ìgò náà lé mi lọ́wọ́, lórí ìrẹsì tí mò ń ṣa.

“Aya mi, bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀. Imú mi ti kú láti ìgbà ibà èṣí. Ojú nìkan ni mo fi ń fọ nǹkan.”

Wọn kò sọ ọ́ sí mi létí bí ti ọjọ́sí. Wọ́n sọ ọ́ sókè, ní ohùn tí wọ́n fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Ariwo búrọ́ọ̀ṣì dákẹ́ nínú ọpọ́n. Mo gbé ìgò náà sí imú. Ó mọ́ gaara, ẹ lè fi ṣe dígí, òórùn kẹrosíìnì ló sì kún inú rẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́. Màmá ń wò mí bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ dókítà, wọn kò gbé ojú kúrò. Mo ní, “Kẹrosíìnì ni, Mà.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n yíjú sí ibi tí ọmọ wọn wà, ṣùgbọ́n ìgò ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, “Ìyàwó ẹ ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo lọ kó wọn.” Lẹ́yìn náà wọ́n padà sórí àpótí kékeré wọn, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń nu ọwọ́ wọn mọ́ aṣọ.

Àna yín tún ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n. Ẹ mọ irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ jáde lọ́fun rẹ̀, á kọ́kọ́ wá ìjókòó. Ó ń fọ ìgò ọwọ́ rẹ̀. Ìgò kan ṣoṣo yẹn ló ń fọ̀ tó ń fọ̀, mo ní bóyá ó fẹ́ fọ̀ ọ́ tán ni. Nígbà tó yá, ó dìde, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó rìn wá síwájú mi, ó na ìgò náà sí mi.

Ó ní, “Èyí ńkọ́?”

Mo gbà á. Mi ò kánjú. Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ilé yìí tí mi ò kánjú. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo yí i, mo tún gbọ́ ọ. Mo ní ó mọ́. Ó gbé e lọ kọ́ sórí igi irin, ó padà wá pẹ̀lú òmíràn, ó tún dúró síwájú mi, ó ń retí.

Ẹ má rò pé ó ti bẹ̀ mí o, kò tíì bẹ̀ mí. Ìyẹn-Dára kò tíì tún yà lọ́dọ̀ wa, búkà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀ lófìfo, onígbàjámọ̀ ṣì ń ṣe àwàdà rẹ̀. Nǹkan wọ̀nyẹn ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọtí tuntun ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń mí ní igun, kò sì ní wọ inú ìgò kankan tí mi ò kọ́kọ́ gbé sí imú. Àna yín ló sọ bẹ́ẹ̀, níṣojú Màmá.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ yín. Kí ẹ̀yìn yín nà, kí abẹ́rẹ́ má gún yín lọ́wọ́, kí àwọn oníbàárà yín máa rántí ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa wá gba aṣọ. Ẹ óò jẹun ọmọ, èmi náà óò sì fi ayọ̀ kọ̀wé sí yín láìpẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ má ka ibi tí mo ti bínú sí yín sétí ọkọ yín.

Èmi ni àbúrò yín, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín rán aṣọ ìyàwó fún,

Ìyàwó Jórinjórin.

Mo tún rántí: Bí mo ṣe ń fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa, àna yín wọlé pẹ̀lú àpò kan ní èjìká. Ó ní onígbàjámọ̀ ló fi ìgò ránṣẹ́, pé òun fi ń bẹ̀bẹ̀ nítorí àwàdà ọjọ́sí. Ẹsẹ̀ mi ló gbé àpò náà kalẹ̀ sí. Mo mú àkọ́kọ́, mo gbé e sí imú: spírítì tí wọ́n fi ń nu orí lẹ́yìn tí wọ́n bá fá irun tán ni. Ẹ fi mí sínú àdúrà.